Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà Fàdákà

3.

…bí ó bá sì di dandan kí ìyá náà kú, kí ó kú níbi tí iná wà. Ẹ yọ àbẹ́là kúrò. Wọn kì í lo àbẹ́là nílé ìwòsàn ìjọba.

(Bírò pupa. Láti ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé wò kí ó tó jáde, ìlú Yangon. Sí Daw Yin Hmwe, òǹkọ̀wé ìtàn. Ẹ má wá 1 àti 2. Wọn kò tíì dá wọn padà.)


4.

Ohun tí Yin Hmwe kọ nìyí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kan dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Ilẹ̀ ń ṣú. Wọ́n mú iná. Ọmọ rẹ̀ obìnrin di àbẹ́là mú lókè orí rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì lè rí iṣan. Ìda gbígbóná ń kán sí ọmọ náà lọ́wọ́, kò sì gbé e sílẹ̀. Ìyá lajú. Ó ní: "Gbé e sílẹ̀, ọwọ́ rẹ ń jóná." Kò tún sọ nǹkan mìíràn mọ́ láyé.

Gbogbo ìyókù ìwé náà, àròsọ ni: ọkùnrin tó ń ta igi, ìyàwó rẹ̀ méjì, ọkọ̀ ojú omi tó rì. Ibí yìí nìkan ló ṣẹlẹ̀. Ìyá Yin Hmwe ni. Ọwọ́ Yin Hmwe ni. Àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àtàǹpàkò rẹ̀.

Ó ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé. Wọ́n ti gé orí, wọ́n ti gé apá, wọ́n ti yí òpin padà, ó sì ń gbà. Gbólóhùn kan yìí ni kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn.


5.

Ọ́fíìsì náà. Tábìlì kan, fáànù kan lókè. Tíṣà ni wọ́n ń pe òǹkọ̀wé níbí.

Ọ̀GÁ: Ẹ jókòó, Tíṣà. Ìyàwó mi fẹ́ràn ìwé yín gan-an. Ó ní kí n kí yín.

YIN HMWE: Ẹ bá mi kí i.

Ọ̀GÁ: Ọ̀rọ̀ àbẹ́là yìí.

YIN HMWE: Wọ́n mú iná ni, sà.

Ọ̀GÁ: Níbo?

YIN HMWE: Nílé ìwòsàn.

Ọ̀GÁ: Wọn kì í mú iná nílé ìwòsàn.

(Fáànù dúró. Kò sẹ́ni tó wo òkè.)

Ọ̀GÁ: (ó ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀) Ẹ yọ àbẹ́là. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ìyá náà sọ wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan tó burú nínú ohun tó sọ.

YIN HMWE: Bí kò bá sí àbẹ́là, kí ló ń jó ọmọ náà lọ́wọ́?

Ọ̀GÁ: Kó máa dáná. Obìnrin kì í dáná ni?

YIN HMWE: Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ń kú lọ?

Ọ̀GÁ: Ẹ̀yin lẹ jẹ́ òǹkọ̀wé. Èmi kì í kọ́ òǹkọ̀wé níṣẹ́ rẹ̀.


6.

ÀTÚNKỌ

kìíní. Wọ́n gbé ìyá lọ sílé.
      — A kò gbà. Iná kì í lọ nílé pẹ̀lú.

kejì. Ọ̀sán gangan.
      — Kí ni wọ́n ń fi àbẹ́là ṣe lọ́sàn-án?

kẹta. Àbẹ́là iwájú ère Búdà.
      — Ẹ má fi ẹ̀sìn ṣeré.

kẹrin. Ayé àwọn òyìnbó, nígbà tí wọ́n ń jọba lé wa lórí.
      — Ó dára gan-an. Àmọ́ kí ló dé tí àwọn èèyàn yìí ń wo tẹlifíṣọ̀n ní orí kẹfà?

karùn-ún. Ìyá náà sàn.
      — A gbà á. Ó dùn-ún kà.

Yin Hmwe kọ́ ló kọ ìkarùn-ún. Ọ̀gá ló fi bírò pupa kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.


7.

Ilé tíì, etí títì. Ma Thwe náà ń kọ ìtàn. Ó ti pẹ́ tí òun àti Yin Hmwe ti jọ ń jìyà lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan náà.

MA THWE: Jẹ́ kó sàn, jàre.

YIN HMWE: Ta ni?

MA THWE: Ìyá inú ìwé.

YIN HMWE: Ìyá mi ni, Thwe.

MA THWE: Mo mọ̀. Ṣebí mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wò ó, èmi ti sọ gbogbo ọlọ́pàá mi di ológbò. Nínú ìwé mi tó ń bọ̀, ológbò ló dúró lójú títì tó ń béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ èèyàn.

YIN HMWE: Wọ́n gbà á?

MA THWE: Wọ́n ní kí n ṣàlàyé irú ológbò tó jẹ́.

(Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.)

YIN HMWE: Ó ti sú mi.

MA THWE: Nígbà náà, tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe kọ ọ́. Ṣebí wọ́n ṣì máa yẹ ìwé títẹ̀ wò kó tó dọ́jà? Ohun tó bá bí wọn nínú, wọ́n á ní ká fi ọ̀dà bò ó. Ó kéré tán, inú ìwé ló ṣì máa wà, lábẹ́ ọ̀dà.

YIN HMWE: Bí òkú.

MA THWE: Bí irúgbìn.

YIN HMWE: Má bẹ̀rẹ̀ ewì o. Mu tíì rẹ.


8.

ÌKÌLỌ̀

Sí U Thaung Pe, atẹ̀wé.
Ìwé Daw Yin Hmwe tí ẹ tẹ̀: kí ẹ fi ọ̀dà fàdákà bo ìdajì ìsàlẹ̀ ojú ewé 112 nínú gbogbo ẹ̀dà, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó ra ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ìwé lè jáde.
Kò sí ìdí kankan tí a ní láti ṣàlàyé.


9.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìtẹ̀wé. U Thaung Pe, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà nínú ife tíì.

U THAUNG PE: Tíṣà, ẹ máa lọ sílé. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ yín.

YIN HMWE: Ẹ fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì kan.

U THAUNG PE: Ẹ jọ̀ọ́.

YIN HMWE: Ìyá ta ni?

(Ó fún un.)

YIN HMWE: Bí ẹ̀dà kan bá bọ́ sẹ́yìn láìkùn ńkọ́? Ẹyọ kan péré.

U THAUNG PE: Wọ́n á ti ibí pa. Ẹ wo àwọn ọmọ yìí. Ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa bọ́ wọn?

Kò sí ẹ̀dà tó bọ́ sẹ́yìn.


10.

Ó kun ìyá rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń dán.


11.

▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒
▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒
▒▒▒▒▒▒▒▒▒▒


12.

Ṣọ́ọ̀bù Ma Ohn, níbi tí wọ́n ti ń háyà ìwé. O gbé e lónìí, o dá a padà lọ́la. Kò sí àwòrán Yin Hmwe lẹ́yìn ìwé, Ma Ohn kò sì mọ̀ ọ́n.

MA OHN: Àǹtí, èyí tẹ́ ẹ mú dání yẹn ló ń jáde jù. Kì í ṣe nítorí ìtàn ẹ̀ o. Ìtàn ẹ̀ gùn jù, ọkọ̀ yẹn ò tètè rì. Ojú ewé fàdákà yẹn ni gbogbo èèyàn ń wá.

YIN HMWE: Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀?

MA OHN: Ẹ ṣí i wò. Wọ́n ti sọ ọ́ tán.

Ojú ewé 112. Gbogbo etí rẹ̀ kún:

   Àwọn sójà wọlé, wọ́n mú ọmọ náà lọ. (bírò dúdú)

   Ìyá náà dárúkọ ẹnì kan. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. (bírò búlúù)

      Ó ṣépè fún wọn. (pẹ́ńsù)

   Ẹnu yín ti ń gbọ̀rọ̀ jù. (bírò búlúù, ọwọ́ mìíràn)

            Ọmọ mi ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Ọdún tí wọ́n yìnbọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. (lẹ́tà wínníwínní)

Àárín ọ̀dà náà ti bó. Ẹnìkan ti fi karosíìnì nù ún. Fàdákà lọ, àwọn lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ.


13.

Kí inú bí i sí ọ́fíìsì, ìyẹn ti mọ́ ọn lára. Kí inú bí i sí àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀, èyí ni kò rí rí. Ó ka lẹ́tà wínníwínní náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú tì í pé inú ń bí òun. Inú sì ń bí i síbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó rò ó pé ó lè jẹ́ ìyá kan lásán, tó ń kú lọ, tí kò fẹ́ kí ọmọ òun jóná.

Ó tọrọ pẹ́ńsù.

MA OHN: Ẹ̀yin náà fẹ́ sọ tiyín? Ẹ kọ ọ́ kékeré o, àyè ti ń tán.

Ó kọ ọ́ kékeré:

   Wọ́n mú iná. Ó di àbẹ́là mú. Ìyá rẹ̀ ní: "Gbé e sílẹ̀, ọwọ́ rẹ ń jóná."

Kò fi orúkọ sí i.


14.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó padà wá. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀:

   Irọ́. Nítorí àbẹ́là? Ta ló máa fi ọ̀dà ṣòfò sórí irú èyí? (bírò dúdú)

   Mo gbà fún ọ. Ẹni tó kọ ọ́ yìí ò mọ nǹkan kan nípa ìwé. (bírò búlúù)


15.

MA OHN: Kí ló dé tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, Àǹtí?

YIN HMWE: Mi ò rẹ́rìn-ín.


16.

Ó fẹ́ pa ìwé náà dé, ìka rẹ̀ kan nǹkan tó le. Orí gbólóhùn rẹ̀ gan-an ni, níbi tí ó ti kọ "ọwọ́". Ìda àbẹ́là ni, ó kán síbẹ̀, ó ti gan. Ẹni tó kán an síbẹ̀ kò kọ nǹkan kan.

YIN HMWE: Ta ló gbé e kẹ́yìn?

MA OHN: Èwo ni mo fẹ́ rántí? Kí ló ṣe é?

YIN HMWE: Ìda kán sí i.

MA OHN: Háà, àwọn èèyàn yìí! Mo ti ní kí wọ́n yéé fi àbẹ́là ka ìwé mi. Kí ni wọ́n á sì ṣe, nígbà tí wọ́n ti mú iná láti ìjẹta? Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ bá mi fi èékánná ha á kúrò.

Yin Hmwe gbé èékánná lé e.


17.

(Èyí náà, wọn kò tíì dá a padà.)