Wọ́n Ní Ewu Ò Sí fún Fintan

Nígbà tí wọ́n da àpótí ìbò Drumkeel sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn ìkàbò, Attracta Gilhooly di igi ìdènà mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Drumkeel ni abúlé Fintan Devaney. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Bí Drumkeel ò bá dìbò fún un, ta ló máa dì í fún un?

Attracta ò gbójú kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ìwé ìbò. Orúkọ gbogbo olùdíje ló wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni téèyàn fẹ́ jù, á kọ ení sí i. Ẹni tó tẹ̀ lé e, á kọ èjì sí i. Ení ló ń gbéni wọlé. Èjì, ìrètí lásán ni.

Ení, Dervla Scahill. Ení, Scahill. Ení, Scahill. Èjì, Devaney. Ẹgbẹ́ kan náà ló fa àwọn méjèèjì kalẹ̀.

Packie Joe, tó ń ṣírò ìbò fún ẹgbẹ́ wọn, ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Attracta, kí lo sọ fáwọn èèyàn yìí gan-an?"

"Ohun tí ẹgbẹ́ ní kí n sọ ni. Pé ewu ò sí fún Fintan. Kí wọ́n bá wa ti Dervla lẹ́yìn."

"O ṣeun o! Wọ́n gbọ́ ẹ dáadáa. Ó jọ pé àǹtí Fintan gan-an gbọ́."

Packie Joe rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilé dé ilé ni Attracta rìn nínú òjò. Ó mu tíì wọn, ó pa ajá wọn lẹ́nu mọ́, ó ní, "Ẹni tó ti ṣojú wa níwájú àwọn ọba, tó ti parí ìjà ilẹ̀, ta ló fẹ́ yọ ọ́? Ẹ fún ọmọdébìnrin yẹn ní ení." Òun náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ení sí Dervla. Kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀, Cathal ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n lókè òkun. Ìbọn ni wọ́n bá nínú ẹrù ọkọ̀ ojú omi tó ti ń ṣiṣẹ́. Fintan ni Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, òun ló ń bá aṣojú ìjọba ọ̀hún sọ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gé koríko ẹran, oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀. Ó ku díẹ̀, wọ́n ní.

Fintan yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò ń kán lára kóòtù rẹ̀. Attracta sáré bá a.

"Ó ti bọ́, Attracta. Dervla ti wọlé. Wọ́n fẹ́ kéde ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mínísítà. Cathal ńkọ́?"

Fintan ń wo tẹlifóònù ara ògiri.

"Mínísítà ṣì ni mí títí àwọn aṣòfin tuntun á fi jókòó," ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n bí aṣojú yẹn bá gbọ́ pé abúlé mi ti lé mi, á ní kí n lọ sinmi. Rédíò ò tíì sọ ọ́. Ti ilẹ̀kùn yẹn. Má jẹ́ kí ariwo wọlé."

Attracta fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Fintan tẹ nọ́ńbà, ó nà ró, ohùn rẹ̀ sì padà di ti ààfin ọba.

"Ẹ káalẹ́, Ọlọ́lá. Devaney ni. Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ Gilhooly..."

Gbọ̀ngàn bú sáyọ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Attracta fi gbogbo agbára tì í, ariwo náà ṣì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Fintan fi ọwọ́ bo ẹnu tẹlifóònù. Ó ti pẹ́ jù.

Ó gbọ́ tí aṣojú náà ń kí i kú oríire ìbò lọ́hùn-ún. Ó dijú.

"Ẹ ṣeun, Ọlọ́lá," ó rọra sọ. "Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn èèyàn mi ni. Inú wọn dùn gan-an ni."

Ó la ojú, ó wo Attracta. Attracta wo òun náà. Ó kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ṣí i gbayawu.