Ààwẹ̀ Jìbírílù

Ọ̀sán ààwẹ̀ kan ni Jìbírílù, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní àdúgbò Patte d'Oie, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Oníbàárà ń béèrè búréèkì lọ́wọ́ rẹ̀, òun ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Abdoul Aziz, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, figbe ta.

"Ẹ wá wo Alájì tó mutí nínú ààwẹ̀!"

Kí Ọlárónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó dé, ó ti ṣubú.

Ní ọsibítù, wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, ojú rẹ̀ sì là. Dókítà, obìnrin kan, mú Ọlárónkẹ́ wọ bureau rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, àrùn ti ba ẹ̀dọ̀ ọkọ yín jẹ́, ó ti le. Bí èèyàn bá jẹun tán, ẹ̀dọ̀ ló ń bá a fi ṣúgà pamọ́. Bí ebi bá dé, á máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí agbára má bàa tán lára, kí ọpọlọ má bàa dákú. Tiwọn kò lè fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Wọn ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́."

"Ṣé ó máa san?"

Dókítà wo tábìlì. "A ó máa tọ́jú wọn."

"D'accord, mo ti gbọ́," ni Ọlárónkẹ́ wí. Ó ń retí kí àyà òun já. Kò já.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n padà sílé wọn ní Cissin, ó gbé kókó jéró, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, wá. Jìbírílù kọ̀.

"Láti kékeré, ààwẹ̀ kankan ò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí."

"Bí ẹ ò bá mu ún, ẹ máa kú," ni Ọlárónkẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó mu kókó náà, omi ojú ń kán sínú àwo. Ọlárónkẹ́ ń wò ó bí ẹni ń wo ọkọ ọlọ́kọ.

Lọ́jọ́ kejì, Abdoul Aziz wá, ó bẹ́rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀ pé àìsàn ni."

"Barka, mo dúpẹ́," ni Jìbírílù fi dá a lóhùn. Ó sún fún un lórí ẹní.

Jìbírílù rí ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Kò rí Iléyá.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Ọlárónkẹ́ jókòó láàárín àwọn tó wá bá a kẹ́dùn, ó ń ṣe àmín sí gbogbo àdúrà. Ìborùn rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí, ó bọ́ sí èjìká, kò mọ̀. Halimatou, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló bá a wé e padà.