Ìgò Kékeré Inú Àpò Ìránṣọ

Ẹni tó bá rí Bàbá Jẹ́jẹ́ tó ń wa ọkọ̀ lójú títì kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ológeere a máa kọjá lára rẹ̀, a sì máa bojú wẹ̀yìn wò ó. Ọkọ̀ rẹ̀ ju ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ lọ́jọ́ orí, ọmọ náà sì ti di ìyá ọlọ́mọ.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Bàbá máa ń wí.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, á dá a lóhùn láti ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òótọ́ ni, pé òun náà ti fẹ̀sọ̀ darúgbó sínú ọkọ̀ yìí.

Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ náà ti ṣófo báyìí. Ọkọ̀ yẹn ni Bàbá fi ń lọ sí ibojì ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, tí kò sì lè gun òkè mọ́, ọmọ rẹ̀ sọjú abẹ níkòó.

"Bàbá mi, tí mẹkáníìkì bá ní ó ti kú, a ó tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ẹ ò ní há sójú títì lọ́jọ́ orí yín yìí."

Bàbá mọ̀ pé ọmọ náà kò ṣàwàdà. Àwọn méjèèjì jọ gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Mẹkáníìkì ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Ó tú ìdérí orí ẹ́ńjìnì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì mi orí.

"Sọ̀rọ̀," ni Bàbá wí.

"Ẹ mú ìka yín wá."

Ó gbé ìka Bàbá lé kámúṣáàfù, irin gígùn tó ní kókó lára bí ẹyin, tó ń ti àwọn fáàfù ṣí kí ẹ́ńjìnì lè mí. Kókó àkọ́kọ́ yọ gongo. Bàbá sún ìka sí èkejì. Kò sí kókó níbẹ̀ mọ́. Ó ti jẹ pẹrẹsẹ. Bàbá tún fọwọ́ kàn án, bí ẹni tó rò pé ọwọ́ òun ló ṣìnà.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ọ́ìlì tó dé kẹ́yìn ni mò ń lò. Èyí tó wọ́n jù."

"Ohun tó ṣe é nìyẹn, Bàbá. Ẹ́ńjìnì tuntun ló ni ọ́ìlì tuntun. Wọ́n ti dín èròjà síńkì inú rẹ̀ kù, torí ó ń ba ohun tó ń sẹ́ èéfín nínú sàléńsà àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí jẹ́. Tiyín yìí, irin ló ń ha irin níbẹ̀. Síńkì ni onílàjà. Tí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á jẹ ara wọn."

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó. Kí ló dé tí kò bà á jẹ́ látijọ́?"

Mẹkáníìkì ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Màmá ò sọ fún yín rárá?"

"Màmá wo?"

"Ìyàwó yín, Bàbá."

Bàbá wá táyà kan jókòó lé.

"Ẹ rántí ọjọ́ tí mo ní kí ẹ padà sí ọ́ìlì àtijọ́, tí ẹ ní mo fẹ́ ta ọjà tó kú sọ́wọ́ mi fún yín? Màmá tẹ̀lé mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní irú irin yẹn wà nínú ẹ̀rọ ìránṣọ òun náà, òun mọ ohun tí ọ́ìlì tí kò bá a mu ń fi ojú rẹ̀ rí. Ó ní kí n má bá yín jiyàn, ẹ ò ní gbà. Látìgbà náà, tí ẹ bá da ọ́ìlì yín tán níbí, tí ẹ lọ fọwọ́, á yọ ìgò síńkì kékeré kan nínú àpò ìránṣọ rẹ̀, á dà á lé e. Kí ẹ tó padà dé, ó ti jókòó sáyè rẹ̀, ó ń gé òwú."

Bàbá rántí bí òun ṣe máa ń wí fún ìyàwó rẹ̀ lọ́nà ilé pé, "Gbọ́ ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì gidi nìyẹn," tí obìnrin náà á ní, "Mo gbọ́." Láti ìgbà tó ti sin ín, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń dá pààrọ̀ ọ́ìlì, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kí òun kú ìrọ́jú.

"Ó ń gbọ́ mi tí mò ń fọ́nnu," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ìwọ náà mọ̀, o sì panu mọ́."

"Mo bẹ̀rù Màmá jù yín lọ."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá mi." Ojú ọmọ náà ti kún fún omi. Ó yí sí mẹkáníìkì. "Ó ti kú tàbí kò kú?"

"Ìyókù ẹ́ńjìnì yè. Kámúṣáàfù àtàwọn tápẹ́ẹ̀tì tó ń fara kan kókó rẹ̀ ni a ó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá tún mu ọ́ìlì tuntun yẹn, ẹ kàn máa gbé e lọ fún àwọn tó ń ra irin tààrà."

Àwọn méjèèjì ń retí kí Bàbá jiyàn. Kò jiyàn.

"Bá mi wá ọ́ìlì tí síńkì pé nínú rẹ̀," ni ó wí.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ó ka ara gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì náà látòkè délẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dà á. Nígbà tó jókòó sídìí ọkọ̀, mẹkáníìkì kìlọ̀ fún un.

"Kámúṣáàfù tuntun kì í fẹ́ jẹ́jẹ́ o. Bí ẹ bá ti ṣíná tó sì ta, ẹ tẹ pẹ́dà iná mọ́lẹ̀ títí n ó fi ní ó tó. Tí ẹ bá jẹ́ kó máa tòògbé, kókó tuntun á tún jẹ."

Ọkọ̀ ta.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Ìyẹn kì í ṣe títẹ̀. Ẹ kàn kí i ni."

Bàbá fẹsẹ̀ tì í. Ẹ́ńjìnì ké. Kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ náà rí. Ọmọ rẹ̀ ti wọlé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó wá.

"Kí ni ìyá rẹ tún ń ṣe tí n kò mọ̀?" ni ó bi í.

Ọmọ náà fọwọ́ kan etí, ó mi orí pé òun kò gbọ́. Bàbá kò tún un sọ. Ó tẹjú mọ́ iwájú, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ pẹ́dà iná mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí mẹkáníìkì yóò ní ó tó.