Ọkọ̀ Tí Kò Ní Táńkì

Warri ò fẹ́ràn ohun tó bá yọ́ wọlé. Ó yẹ kí Olúgbémi mọ̀, Deco Road, ní Warri kan náà, ni wọ́n ṣáà bí i sí. Òun ni ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bọ́ọ̀sì oníná, èyí tó ń fi bátìrì rìn, ní Aladja, àṣà rẹ̀ sì ni pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wa ọkọ̀ tuntun, kó má baà fi ọmọ ọlọ́mọ dán ewu wò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá wa bọ́ọ̀sì dúdú tí kò ní nọ́ńbà, tí kò dún rárá, wọ àdúgbò Ekete lọ́sàn-án gangan. Ọmọ kan sì ti sọnù ní Ekete lọ́sẹ̀ náà.

Ẹnìkan ní ajínigbé ni. Ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n fi igi fọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n fi òkúta la orí rẹ̀. Fọkanáísà àdúgbò náà, tí wọ́n ń pè ní Levi, gbé táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀rù ba Olúgbémi débi pé ó tọ̀ sára.

Àwọn wọ̀nyí kì í ra epo tí wọ́n fi ń sun olè, inú ọkọ̀ olè ni wọ́n ti ń fà á. Levi wá táńkì títí, kò rí. Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó rí wáyà aláwọ̀ ọsàn kan tó nípọn, ó gbà pé ibẹ̀ lepo ń gbà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní àdá.

Olúgbémi mọ̀ pé iná bátìrì ló ń gba inú wáyà náà, pé bóun bá dákẹ́, àdá yẹn á gbẹ̀san òun. Ó sì wù ú kó dákẹ́.

"Levi, abeg, no cut am. E go kill you."

Levi rẹ́rìn-ín, ó gé e.

Iná bú gbàmù, ó sọ Levi síta. Kálukú bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kingsley, àbúrò Levi, ń ké pé òun ń lọ ra epo, pé ajínigbé ti pa ẹ̀gbọ́n òun.

Ọ̀nà là fún Olúgbémi láti sá. Kò sá. Ó rákò wọ ọkọ̀ lọ pa iná rẹ̀, ó padà kúnlẹ̀ ti Levi, tòun ti táyà lọ́rùn, ó ń tẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń mí sí i lẹ́nu. Ó ń sunkún, ó ń ṣẹ́ èpè fún un, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: kò dáwọ́ dúró.

"Mí, ìkà, mí."

Kingsley dé, ó da epo sí Olúgbémi lẹ́yìn. Epo náà ń kán sí Levi lójú. Kingsley ṣá ìṣáná.

Levi wúkọ́. Ó rí táyà rẹ̀ lọ́rùn ẹni tó ń mí sí i lẹ́nu. Ọwọ́ Levi kan ti jóná mọ́ ọn lára. Ó ti èkejì bọ inú táyà náà, ó di ọkùnrin náà mú ṣinṣin.

"Kingsley," ló wí, "oya, burn the two of us."

Kingsley fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ pa iná ìṣáná náà.