Màámi Lórí Yìnyín

Omi tó dì gbagidi ni mo rí lójú àlá, ó tẹ́ lọ rẹrẹ bí ilẹ̀ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi símẹ́ńtì rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ funfun ń ti abẹ́ rẹ̀ jáde. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Màámi dúró láàárín rẹ̀ láìwọ bàtà, nínú ìró àdìrẹ tí a fi sin wọ́n, òtútù ò sì mú wọn.

Ẹ̀rù bà mí. Ilẹ̀ bálùwẹ̀ tó tutù ni Màámi ti yọ̀ ṣubú lọ́dún tó kọjá, ìbàdí wọn kán, wọn ò sì dìde mọ́. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ń yọ̀ ni mò ń sá fún. Kánádà la sì ń gbé. Ìbídùn, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà, fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níléèwé lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà onírin sáré lórí yìnyín. Mo ní kò ní lọ. Ó sunkún títí ó fi sùn.

"Màámi, ẹ rọra o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń yọ̀?"

Ìgbà náà ni mo rí Ìbídùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó dé akoto. Màámi kúnlẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan, wọ́n ń so okùn bàtà rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń so tèmi láàárọ̀ iléèwé. Wọ́n fà á le dáadáa lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n ta á ní kókó, wọ́n tún ta á, wọ́n wá fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́.

"Tẹ orúnkún díẹ̀," wọ́n sọ fún un jẹ́jẹ́. "Bó bá fẹ́ gbé ọ ṣubú, má bá a jà. Lọ sílẹ̀, kó o fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, má fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Di ẹ̀ṣẹ́, kí irin bàtà ẹlòmíì má baà gé ọ níka."

Ìbídùn ṣubú. Mo fẹ́ sáré, Màámi na ọwọ́ dá mi dúró. Ọmọ náà yí padà, ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó dìde. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń ṣubú," ni Màámi wí. "Kọ́ tìrẹ."

"Ṣé ìbàdí yín ṣì ń dùn yín?"

"Ó ti tán, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti tán."

Mo lajú. Ilẹ̀ ti mọ́. Omijé ti ṣàn dé etí mi, ṣùgbọ́n àyà mi fúyẹ́, ó fúyẹ́ ju bó ti rí láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n. Mo lọ jí Ìbídùn.

"Dìde, wá ìbọ̀wọ́ rẹ tó nípọn. A jọ ń lọ ni."

Ó ń wojú mi bóyá mò ń ṣeré.

"Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá sórí kápẹ́ẹ̀tì níbí, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú."

"Mọ́mì, ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá àgbà rẹ ni," mo wí, mo sì kúnlẹ̀.