Àga Méjì Sukanti

Ṣé ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ́ aṣòfin àpapọ̀ ní Delhi, kí ó sì tún máa ṣe mínísítà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni Dibakar, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Kendujhar, ń bá jí láti ìgbà tí wọ́n ti fi Sukanti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti jẹ́ aṣòfin ní Delhi, jẹ mínísítà ní Odisha, ìpínlẹ̀ wọn ní India.

Ó mọ ìdáhùn ti inú ìwé. Òfin gbà á fún oṣù mẹ́fà péré. Láàárín rẹ̀, mínísítà gbọ́dọ̀ wọlé ìbò sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Bí ó bá wọlé, tí kò sì tètè fi àga tuntun náà sílẹ̀, ti Delhi yóò bọ́ fúnra rẹ̀. Sukanti ti wọlé. Kò tíì sọ èyí tí ó fẹ́.

Delhi jìnnà. Láti ìgbà tó ti lọ síbẹ̀, kò bá wọn ṣe ọdún Raja mọ́, nígbà tí ilẹ̀ ń sinmi, tí obìnrin kì í fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni bàbá ń so okùn jangirọ́fà rẹ̀, tí àwọn ọmọbìnrin máa ń gùn lọ́jọ́ ọdún náà, mọ́ igi máńgòrò.

Lọ́dún yìí, ó dé. Malati, àbúrò bàbá rẹ̀, gbé àkàrà ìrẹsì fún un.

“Aláàga méjì, ìdí mélòó lo ní ná?”

Sukanti rẹ́rìn-ín, ó gun jangirọ́fà. Bí bàbá ti ń rọra tì í, ó ṣàlàyé pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú òun ń bẹ òun pé kí òun má fi Delhi sílẹ̀. Pé bí òun bá dákẹ́, òfin fúnra rẹ̀ ni yóò gba àga Delhi, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí òun.

Bàbá di okùn náà mú, ó fi orúkọ ìkẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ pè é.

“Òfin kọ́ ló bí ẹ, Kuni. Má jẹ́ kó bá ẹ dá mi lóhùn.”

Sukanti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ ti bọ́ sọ́nà jíjìn. Bàbá lọ ṣà á wá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ó sì wọ̀ ọ́ fún un lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Sukanti wo ọrùn rẹ̀ tó ti tín-ín-rín, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

“Bàbá, mi ò padà sí Delhi mọ́. Ọ̀dọ̀ yín níbí ni mo yàn.”