Ẹran Ẹ̀ẹ̀mẹrin Lọ́sẹ̀

"Kò sí ilé kan ní Jakande yìí tí mi ò wọ̀ rí," ni Mínísítà Oyèlékè Fákúnlé wí, ó gbá àyà gbàgà. "Kí n tó di olóṣèlú, kí n tó di ọ̀mọ̀wé nínú ètò ọrọ̀-ajé, ìkòkò yín ni mo kọ́kọ́ ṣí wò. Ìwé oyè ọ̀mọ̀wé tí mo fi kọ ló gbé mi dé Àbújá."

Àwọn èrò inú gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Wọn ò tíì mọ ohun tó bá wá. Ìjọba fẹ́ dá oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ iléèwé Ìsọlọ̀ dúró, torí ìwé Mínísítà yìí kan náà ni wọ́n ṣì fi ń díwọ̀n ẹni tó rí jẹ àti ẹni tí kò rí.

Ìyá arúgbó kan na ọ̀pá rẹ̀ sókè níwájú. Ìyá Ìsíátù ni, tó ti ń ta ẹ̀pà sísè lábẹ́ igi fúrúùtù ẹnu géètì Jakande láti bí ọgbọ̀n ọdún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mínísítà. Kí lẹ bá nínú ìkòkò tèmi?"

"Ẹran ni, Màmá. Ẹran ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Bó ṣe rí nílé gbogbo yín nìyẹn."

"Èmi náà? Lọ́dún tí bàbá Ìsíátù dùbúlẹ̀ àìsàn? Ẹran kan ṣoṣo tó wà nílé mi nígbà yẹn, eku ni. Ebi ló sì lé òun náà lọ."

Ẹ̀rín sọ. Mínísítà fẹ́ bá wọn rín, ẹnu kọ̀ fún un. Ó rí ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó wá ṣèwádìí fún ìwé náà: bàtà ń ha á lẹ́sẹ̀, òjò ṣú, àtẹ̀gùn búlọ́ọ̀kù Jakande kò lópin lójú rẹ̀. Ló bá jókòó sábẹ́ igi, ó ra ẹ̀pà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ igba fọ́ọ̀mù. Ẹran lòun fúnra rẹ̀ jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ló bá pín ẹran fún gbogbo àdúgbò. Láti ìgbà tó ti gboyè, bí wọ́n bá ti pè é ní Dókítà, àfi bíi pé ẹ̀pà há a lọ́fun.

Tẹ́júọlá, akọ̀wé rẹ̀, tẹnu bọ̀ ọ́ létí: "Ọ̀gá, ẹ ka ìwé ọwọ́ yín, ká máa lọ."

Ó wo ìwé náà, tí ìkéde àtidá oúnjẹ àwọn ọmọ dúró wà nínú rẹ̀. Ó wo àwọn ìyá ọlọ́mọ tó kún gbọ̀ngàn.

"Ẹ forí jì mí," ó ní. "Mi ò wọ ilé kankan. Irọ́ ni mo kọ, òun náà ni mo gùn bí ẹṣin dé ibi tí mo wà."

Tẹ́júọlá dijú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

"Àmọ́ mi ò ní fi irọ́ mi gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ yín." Ó fa ìwé náà ya. "Lóṣù tó kọjá, mo rán àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé wá síbí pẹ̀lú fóònù ńláńlá, kí wọ́n ka ilé yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n bá kọ la ó tẹ̀ lé báyìí."

Àtẹ́wọ́ tún sọ. Alága àdúgbò, Àlàájì Àjàmú, ń fi agbádá nu omi ojú, ó ní a ṣì ń rí olóòótọ́ nínú ìjọba. Mínísítà mí kanlẹ̀, ó jókòó, ọ̀fun rẹ̀ là.

Ìyá Ìsíátù nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Àwọn yẹn náà ò gòkè," ó ní. "Àmọ́ wọ́n ra ẹ̀pà jù yín lọ."